Ìrù kọ́ ló ń gbé káìtì fò

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, àwọn ọmọdé a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgbálẹ̀, bébà àti òwú ṣe káìtì. Ohun tí àwa náà gbà gbọ́ ní kékeré ni wọ́n ṣì ń sọ: ìrù ló ń gbé e lọ sókè. Bó bá ti ń pòòyì, wọn a so àkísà mọ́ ọn nídìí. Bí kò bá gbọ́, wọn a so òmíràn, títí ẹrù a fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn tí kò ní lè kúrò nílẹ̀ mọ́.

Atẹ́gùn ló ń gbé káìtì. Òwú tí a dì mú ló ń mú kó dagun sí atẹ́gùn, kí èyí tó ń kọlù ú lè máa tì í sókè. Bí òwú bá já, káìtì a já bọ́ tòun tìrù. Iṣẹ́ ìrù ni láti fa ìdí rẹ̀ sẹ́yìn kí orí lè dúró lókè, káìtì pẹrẹsẹ sì nílò ìyẹn lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1890 sí 1900, William Eddy ń fò káìtì tí kò nírù rárá. Ńṣe ló tẹ ọ̀pá ìdábùú bí ọrun, tí apá méjèèjì fi tẹ̀ sẹ́yìn. Bó bá fì sí ọ̀tún, apá ọ̀tún a gba atẹ́gùn sí i, a sì dá a padà. Ní Ọsirélíà, káìtì Lawrence Hargrave rí bí àpótí, òun náà kò nírù. Lóṣù kọkànlá ọdún 1894, mẹ́rin irú rẹ̀ gbé Hargrave fúnra rẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 5!

Èmi àti ọmọ àbúrò mi ṣe ti Eddy. A la ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. A de ìdábùú ní sẹ̀ǹtímítà 12 sí orí, a fi òwú fà á títí ó fi tẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, a wá fi náílọ̀nù bò ó. A jìnnà sí wáyà iná kí a tó jù ú sókè. Ó pòòyì, ó forí sọlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wá àkísà.”

Mo ní kó dúró. A sún kókó tí òwú ọwọ́ wa ti so mọ́ ìjánu rẹ̀ (òwú tí a so mọ́ ọ̀pá rẹ̀ lápá orí àti lápá ìdí) sókè ní ìwọ̀n ìka kan. Ẹ̀ẹ̀kejì tí a jù ú, ó gun òkè lọ ṣonṣo, ọmọ náà sì ń tú òwú títí ó fi kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.