Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọjọ́ Ọdún Àjíǹde

Ọdún Kérésìmesì kì í yẹ̀ kúrò lórí ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ọdún Àjíǹde kò ní ojú kan tí ó dúró sí. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ló bọ́ sí. Ní 2025, ó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ní 2026, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni. Ní 2027, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ni yóò jẹ́. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé ṣe ni àwọn olórí ìjọ máa ń jókòó lọ́dọọdún láti fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin àtayébáyé kan ló ń darí ọjọ́ náà, òfin ọ̀hún sì dájú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè mú bébà àti bírò kí ó sì sọ ọjọ́ tí Àjíǹde yóò bọ́ sí nígbà tí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ bá ti darúgbó.

Ohun tí òfin náà wí ni pé Àjíǹde ni Ọjọ́ Àìkú tí ó kọ́kọ́ tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù Kẹta tàbí tí ó kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Oòrùn ló ni ọjọ́ 21 yẹn, òṣùpá ló ni èkejì, ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ló sì ni ẹ̀kẹta. Kò sí èyí tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá tàwọn yòókù mu nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí sì nìyí tí ọjọ́ náà fi ń rìn síwájú sẹ́yìn.

Inú ìtàn ìyà Jésù ni òfin yìí ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ìwé Ìhìn Rere sọ pé àsìkò Àjọ Ìrékọjá àwọn Júù ni wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú, ọjọ́ 14 oṣù Nísàn ni wọ́n sì ń pa ọ̀dọ́ àgùntàn Ìrékọjá. Nísàn jẹ́ oṣù ìgbà ìrúwé, nígbà tí ọkà báálì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Bí ó ti jẹ́ pé ìgbà tí oṣù bá lé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ọjọ́ kẹrìnlá ti súnmọ́ ìgbà tí òṣùpá kún, tí ó ń yọ bí oòrùn ti ń wọ̀, tí ó sì ń ràn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn ìjọ kan ní Éṣíà Kékeré ń ṣe Àjíǹde ní ọjọ́ 14 yẹn gan-an, ọjọ́ yòówù kí ó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn ará Róòmù ní tiwọn ní dandan ni kí ó jẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Ìpàdé ńlá tí Ọba Constantine pè ní ìlú Nicaea ní ọdún 325 ló pinnu pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe é ní Ọjọ́ Àìkú kan náà, láìdúró de ìṣirò àwọn Júù. Ọ̀nà ìṣirò tí àwọn ọ̀mọ̀wé Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì ń lò ló wá borí nígbẹ̀yìn, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dionysius Exiguus sì ṣe tábìlì rẹ̀ fún àwọn ará Róòmù ní ọdún 525. Dionysius yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ka ọdún láti ìgbà ìbí Kristi, nítorí náà, bí a ti ń kọ nọ́ńbà ọdún lónìí, inú iṣẹ́ ìṣirò Àjíǹde ló ti wá.

Wọ́n mú ọjọ́ 21 oṣù Kẹta nítorí pé ìgbà náà ni ọ̀sán àti òru máa ń gùn dọ́gba, tí ìgbà ìrúwé sì ń wọlé ní apá àríwá ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Kánádà, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n lára: òtútù ń rọlẹ̀, igi ń rúwé, ojúmọ́ sì ń tètè mọ́ sí i lójoojúmọ́. Ilẹ̀ Yorùbá súnmọ́ àárín ayé ju kí ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru hàn gbangba lọ, òjò àkọ́rọ̀ ni ojú àwa ń rí ní àsìkò yẹn.

Ibi tí ìṣirò ti dùn jù ni ti òṣùpá. Oṣù òṣùpá kan jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀, méjìlá rẹ̀ sì jẹ́ 354, èyí tí ó fi ọjọ́ 11 dín sí ọdún ti oòrùn. Nítorí náà, bí òṣùpá Àjíǹde bá bọ́ sí ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ní 2025, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ni ti 2026, ọjọ́ 22 oṣù Kẹta sì ni ti 2027. Bí a bá tún yọ 11 kúrò, yóò kó sí ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, tí ọjọ́ 21 kò tíì pé. Òfin kò gba ìyẹn. A óò dúró de òṣùpá tí ó tẹ̀lé e, ìdí nìyẹn tí ti 2028 fi jẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Lẹ́yìn ọdún 19, gbogbo rẹ̀ yóò padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Láti mọ ipò tí ọdún kan wà nínú 19 yìí, a óò pín ọdún náà sí ọ̀nà 19, a óò sì fi 1 kún ohun tó bá ṣẹ́kù. 19 wọ inú 2026 ní ìgbà 106, ó ṣẹ́ku 12. A fi 1 kún un, ó di 13. Tábìlì ìjọ fi ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin sí iwájú nọ́ńbà 13. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e sì ni ọjọ́ 5. Bí òṣùpá náà bá bọ́ sí Ọjọ́ Àìkú fúnra rẹ̀, bí ó ti rí ní 2025, ọ̀sẹ̀ kejì ni Àjíǹde yóò jẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe é ní ọjọ́ 20.

Ó yẹ kí a kíyè sí i pé òṣùpá inú tábìlì ni òfin ń tẹ̀lé, kì í ṣe èyí tí a gbójú sókè rí. Ní 2019, òṣùpá ojú ọ̀run kún ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, Àjíǹde ìbá sì jẹ́ ọjọ́ 24, ṣùgbọ́n tábìlì ti ka òṣùpá ọ̀hún sí ọjọ́ 20, ni a bá dúró títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ nìyí. Àwọn Mùsùlùmí ń wá òṣùpá lójú ọ̀run, Nàìjíríà sì ń retí ìkéde Sultan ní Sókótó kí ó tó dájú pé ilẹ̀ ọ̀la ni ọdún. Wọn kì í sì í fi oṣù kún ọdún láti bá oòrùn dọ́gba, nítorí náà ọdún wọn ń yípo gbogbo àsìkò, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí Àjíǹde kò lè ṣíwájú ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, kò sì lè kọjá ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin. Ọdún 1818 ni ó bọ́ sí ọjọ́ 22 kẹ́yìn, ó di 2285 kí ó tó tún rí bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ sí ọjọ́ 25 ní 1943, yóò sì tún bọ́ síbẹ̀ ní 2038.

Àwọn ìjọ Orthodox, láti Rọ́ṣíà títí dé Etiópíà, ń lo òfin kan náà lórí kàlẹ́ńdà ti àtijọ́. Kàlẹ́ńdà yẹn fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ọdún oòrùn lọ, àṣìṣe kékeré náà sì ti di ọjọ́ 10 nígbà tí Póòpù Gregory Kẹtàlá tún un ṣe ní 1582: ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá lọ, ọjọ́ 15 ni ilẹ̀ fi mọ́. Ìyàtọ̀ náà ti di ọjọ́ 13 báyìí. Ní 2026, ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ni Àjíǹde tiwọn. Ní 2025, tí ìpàdé Nicaea pé 1,700 ọdún, àwọn méjèèjì ṣe é pọ̀.

Bí Àjíǹde ti ń rìn ni ó ń fa ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Ọjọ́rú Eléérú ṣáájú rẹ̀ ní ọjọ́ 46, Pẹ́ńtíkọ́sì sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 49. Ọjọ́ kejì rẹ̀, Ọjọ́ Ajé, jẹ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìjọ nílẹ̀ Yorùbá sì máa ń kó ìlù àti oúnjẹ lọ sí pápá tàbí etí òkun, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Gálílì, nítorí áńgẹ́lì sọ pé ibẹ̀ ni Jésù ti ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ní Salvador ní ilẹ̀ Brazil, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, yóò fi ìlù Ìjẹ̀ṣà jáde sígboro nígbà Kànífà kò lè hàn àfi tí a bá ti ṣírò Àjíǹde, torí pé ọjọ́ tí ó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ni Kànífà ń parí.

Ìrántí ìtàn náà kò gbẹ́yìn. Erékùṣù Àjíǹde tó wà ní òkun Pàsífíìkì gba orúkọ náà nítorí pé Ọjọ́ Àjíǹde, 5 oṣù Kẹrin ọdún 1722, ni ọkọ̀ Jacob Roggeveen dé ibẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni Àjíǹde tún bọ́ sí ní 2026. Ìjà òmìnira tó bẹ́ sílẹ̀ ní Dublin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1916 jẹ́ ọjọ́ kejì Àjíǹde, ìjọba Ireland sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ yòówù kí ó jẹ́ nínú oṣù.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti dè é mọ́lẹ̀. Ní 1928, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí Àjíǹde máa jẹ́ Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Kẹrin, èyí tí yóò há a mọ́ àárín ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 15. Òfin náà fi sí i pé kí a gbé èrò àwọn ìjọ yẹ̀ wò kí a tó mú un lò, títí di òní, wọn kò mú un lò.