Kí Ẹ Tó Fá Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́

Bí ẹ bá dé Inglesham, létí odò Thames ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé mélòó kan péré lẹ máa rí. Abúlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú tán, ó ku ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í tún ṣe ti ìjọ kankan mọ́. Àjọ Churches Conservation Trust ló ń tọ́jú rẹ̀.

Iṣẹ́ ògiri àtijọ́ ni mo ń ṣe. Ohun tí wọ́n máa ń bi mí jù ni pé, "Kí ló dé tí ẹ ò fá gbogbo eléyìí, kí ẹ tún un kùn?" Ká sòótọ́, ògiri Inglesham rí jákujàku: pupa níhìn-ín, àjákù lẹ́tà dúdú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìpele àwòrán tó gun ara wọn níbẹ̀ tó 7 láwọn ibì kan.

Láyé Ọba Edward Kẹfà (1547 sí 1553), ìjọba pàṣẹ kí wọ́n pa àwòrán àwọn ẹni mímọ́ rẹ́. Fífá ògiri kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, nítorí náà funfun ni wọ́n sábà máa ń kùn bò ó: òkúta tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n da omi sí, tó hó yaya, tó wá di ẹfun. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì sórí ẹ̀. Ìran míì dé, wọ́n kun tiwọn lé e. Ẹfun tí wọ́n ní kó pa àwòrán rẹ́ ló bá wa tọ́jú ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí ògiri lójúkojú. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́, kó má fara kàn án, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá kọjá. Etí ìpele kọ̀ọ̀kan á yọ bí ìpẹ́ ẹja.

Sìmẹ́ńtì ni ọ̀tá. Ògiri òkúta máa ń fa omi láti ilẹ̀, ẹfun sì máa ń jẹ́ kó gbẹ. Sìmẹ́ńtì á sé omi mọ́nú, iyọ̀ inú omi á dì sẹ́yìn ọ̀dà, á sì tì í ṣubú. Ẹni tó bá ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé amọ̀ bàbá rẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń ṣí bọ́.

William Morris, oníṣẹ́ ọnà àti òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ilé rẹ̀ wà ní Kelmscott nítòsí, bínú sí àwọn ayàwòrán ilé tó ń fá ṣọ́ọ̀ṣì dé òkúta. Lọ́dún 1877, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní "Anti-Scrape": "ẹ má fá a". Òun ló ti iṣẹ́ àtúnṣe Inglesham lẹ́yìn ní 1888 sí 1889. Ohun tó bàjẹ́ ni wọ́n tún ṣe. Àwọn àga onílẹ̀kùn tó dà bí yàrá kékeré ṣì wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó jáde, ẹ wá ère òkúta Màríà àti Ọmọ rẹ̀, tí ọwọ́ Ọlọ́run nà sí wọn láti òkè. Ó ti wà ṣáájú 1066. Nígbà kan, ara ògiri ìta ló wà, ẹnì kan sì sọ ọ́ di aago oòrùn.