Bíléèdì Tẹ́ẹ́rẹ́, Igi Tó Ń Rìn: Bí Scroll Saw Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ayùn ló jẹ́ pé ènìyàn ló ń gbé e lọ bá igi. Ti scroll saw kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú kan ni bíléèdì rẹ̀ wà, tó ń gòkè tó ń sọ̀. Igi ni wọ́n ń tì wá bá a. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ pákó mọ́ tábìlì kékeré kan, á máa yí i díẹ̀díẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n de kálàmù mọ́lẹ̀ tí wọ́n wá ń yí ìwé lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gé iṣan ara ewé nìyẹn, àti irun orí nínú àwòrán ojú ènìyàn, àti lẹ́tà tó lọ́ mọ́ra wọn bí ìtàkùn.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń rò pé ọwọ́ tó dá ṣáṣá ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bíléèdì ló ń gbé iṣẹ́ náà, bíléèdì ló sì ń fa ọ̀pọ̀ nínú wàhálà ibẹ̀. Ó gùn ní íǹṣì 5, nǹkan bíi mìlímítà 127. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 1. Èyí tó kéré lè fẹ̀ tó ìdajì ìyẹn péré. Títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ kí ó lè gba kọ́nà. Ayùn tó bá fẹ̀ kò lè yípo nínú ojú ibi tó gé, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ á há. Ti scroll saw kò ní ẹ̀yìn tó pọ̀ tó ohun tí ń há. Kí wọ́n ṣáà ti yí igi, igi á yí i ká bí ẹni pé orí abẹ́rẹ́ ló wà. Àmọ́ ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyìí kò lágbára kankan fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí kan ṣoṣo ni wọ́n ti dì í mú, igi yóò kàn tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ ni. Nítorí náà, orí méjèèjì ni wọ́n ti ń dì í mú, tí wọ́n á wá fà á títí yóò fi le bí ọṣán ọrun.

Bí wọ́n ṣe máa mú ohun tí wọ́n fà le yẹn lọ sókè sódò láì jẹ́ kó dẹ̀ ló gba ọgbọ́n. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, apá òkè kì í mira rárá. Ẹ̀rọ á fa bíléèdì wálẹ̀ láti ìsàlẹ̀, sípíríìngì kan tó wà lókè á sì fà á padà. Bí bíléèdì bá ti ń sọ̀, sípíríìngì á máa le sí i. Bó bá ń gòkè, á máa dẹ̀. Ohun tó ń le tó sì tún ń dẹ̀ lọ́pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan kò lè pẹ́ kó tó já.

Apá méjì tó ń jọ rìn ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ọ̀kan wà lókè tábìlì, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, méjèèjì gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mi lórí ìdè kan tó wà láàárín rẹ̀, bí igi òṣùwọ̀n. Níwájú, bíléèdì ló so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn, irin kan tó ṣeé fún ló so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá fún irin ẹ̀yìn yẹn, ẹ̀yìn apá méjèèjì á súnmọ́ra, iwájú wọn á fẹ́ yà síra, bíléèdì á sì le. Níwọ̀n ìgbà tí apá méjèèjì jọ ń gòkè tí wọ́n jọ ń sọ̀, àyè tó wà láàárín wọn níwájú kì í yí padà, bíléèdì kì í sì í mọ̀ bóyá òkè lòun ń lọ tàbí ìsàlẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ Hegner ti Jámánì gbajúmọ̀ gan-an lórí irú ẹ̀rọ yìí. Àwọn mìíràn, bíi DeWalt DW788, fi irin gbọọrọ tó ń lọ síwájú-sẹ́yìn sínú apá tí kò mira, tó fi jẹ́ pé apá kúkúrú tó wà níwájú nìkan ló ń mi; gbígbọ̀n rẹ̀ máa ń dínkù. Eré tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà 400 dé 1,750 ní ìṣẹ́jú kan. Oríṣi kẹta tún wà, tí apá rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C. Ó máa ń gé igi kíákíá, ṣùgbọ́n bíléèdì rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú-sẹ́yìn díẹ̀ bó ti ń rìn, kọ́nà rẹ̀ kì í sì í mú tó ti àwọn yòókù.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ẹ̀rọ, bíi íǹṣì 16, 20 tàbí 30, kò ní í ṣe pẹ̀lú bí igi ṣe nípọn tó. Jíjìnnà bíléèdì sí ara ẹ̀rọ lẹ́yìn ló ń sọ. Ẹ̀rọ oníǹṣì 20 lè dé àárín gbùngbùn pákó tó fẹ̀ ní íǹṣì 40, nítorí pé wọ́n lè yí pákó náà ká.

Etí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá bíléèdì ti le tó. Wọ́n á fi ìka ta á bí okùn gìtá. Bó bá dún gbànkọ̀gbànkọ̀, ó ṣì dẹ̀. Bó bá dún tííín, ó ti kúnjú. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ ohùn lè fi ìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: kò yẹ kó yẹ̀ ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Bíléèdì tó dẹ̀ lewu fún iṣẹ́ lọ́nà tí ojú kì í tètè rí. Orí pákó, ó lè máa tẹ̀ lé ìlà dáadáa, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú igi, tó bá wá di pé wọ́n fẹ́ yọ ohun tí wọ́n gé, kò ní jáde, nítorí ara rẹ̀ kò dúró ṣánṣán.

Bíléèdì ní nọ́ńbà tirẹ̀ náà, láti bíi 2/0 tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an dé 12 tó nípọn. Nọ́ńbà 5 ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ó sì tó fún pákó tó nípọn ní mìlímítà 19. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn máa rò pé bí bíléèdì bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni iṣẹ́ á ṣe dára tó. Bíléèdì nọ́ńbà 1 nínú igi líle tó nípọn yóò máa gbóná, yóò máa tẹ̀, yóò sì já. Ìsàlẹ̀ ni eyín rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí, kó lè máa tẹ igi mọ́ tábìlì. Bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, yóò máa gbé pákó sókè tí yóò máa fi gbá tábìlì pàpàpà. Wọ́n lè dán an wò: bí ìka bá ń lọ sókè lára eyín rẹ̀, ó yẹ kó máa kọ́ ìka. Àwọn kan ní eyín díẹ̀ nísàlẹ̀ tó kọjú sókè. Ìwọ̀nyẹn ló ń bá igi mú abẹ́ rẹ̀ mọ́, kó má ya wúruwùru. Eyín méjì tàbí mẹ́ta péré nínú wọn ló gbọ́dọ̀ yọ sókè tábìlì nígbà tí bíléèdì bá gòkè dé òpin.

Ohun kan wà tó máa ń bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú. Wọ́n á fa ìlà tó tọ́, wọ́n á ti pákó síwájú tààrà, bíléèdì á sì máa yà kúrò lórí ìlà. Wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ni kò gún. Ọwọ́ wọn gún. Bí wọ́n ṣe ń gé eyín sára ọ̀pọ̀ bíléèdì ní iléeṣẹ́ ló ń fi etí mímú díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, lápá ọ̀tún lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀gbẹ́ yẹn sì ń jẹ igi ju èkejì lọ. Nítorí náà, wọn kì í ti pákó tààrà. Wọ́n á dorí rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, dígírì bíi mélòó kan, bí ọkọ̀ ojú omi tó ń dorí kọ òkè odò kó lè gúnlẹ̀ sí òdìkejì gan-an. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ara á ti mọ́ ọn, ẹni náà kò tilẹ̀ ní mọ̀ mọ́ pé òun ń ṣe é. Bíléèdì olójú yíyí, tí wọ́n lọ́ bí okùn tó fi ní eyín yí ara ká, kò nílò kí wọ́n yí igi rárá, èyí sì wúlò nígbà tí pákó bá tóbi ju ohun tó lè yí lórí tábìlì lọ. Ṣùgbọ́n ojú ibi tó gé kì í dán, ipa rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹni tó bá lè yẹra fún un yóò gbádùn iṣẹ́ rẹ̀ jù.

Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọ́n á lẹ bátànì mọ́ pákó. Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ fi téèpù àwọn akunlé bo pákó, wọ́n á wá lẹ bébà lé téèpù náà lórí, kó lè rọrùn láti bó nígbẹ̀yìn. Lórí igi tó máa ń dúdú bí ẹni pé iná rà á, bíi cherry, wọ́n tún máa ń fi téèpù tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń di páálí bò ó. Jíjó náà á dínkù gan-an. Àlàyé tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe ni pé ohun yíyọ̀ tí wọ́n fi pa ẹ̀yìn téèpù kí ó má baà lẹ̀ mọ́ra rẹ̀ ló ń ṣe bí òróró fún bíléèdì.

Bí ó bá ti ń gé, ọwọ́ kì í ti igi ju bí bíléèdì ṣe lè jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí kọ́nà bá dé, wọ́n á dá igi dúró, wọ́n á fà á sẹ́yìn ní ìwọ̀n irun orí, kó lè jẹ́ ẹ̀yìn bíléèdì tí kò ní eyín ló fara ti igi, wọ́n á wá yí i lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bíléèdì kan kì í pẹ́: nínú igi líle, ó lè kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá ti di pé ọwọ́ ń fi agbára tì, ó ti kú nìyẹn, bí kò tilẹ̀ tíì já. Ẹ̀rọ kékeré kan máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sórí ìlà kí lẹ́búlẹ́bú igi má baà bò ó, ṣùgbọ́n ibi tó fẹ́ ẹ lọ ni imú ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìbòmú ṣe pàtàkì níbi yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 1995, IARC, àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka eruku igi mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn.

Gígé inú pákó láìfọwọ́ kan etí rẹ̀ ni scroll saw fi yàtọ̀. Wọ́n á lu ihò kékeré sínú ibi tí wọ́n fẹ́ yọ dànù, wọ́n á tú orí bíléèdì kan, wọ́n á ki í bọ inú ihò bí ẹni ń fi òwú sí abẹ́rẹ́, wọ́n á tún un dè, wọ́n á fà á le, kí wọ́n tó gé. Bátànì kan lè ní ọgọ́rùn-ún ihò, ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n sì máa tú u dè é. Bíléèdì tó ní ìdè lórí, ìyẹn irin kékeré tó gba orí rẹ̀ kọjá, kò dáa fún irú èyí, nítorí ihò tí ìdè yẹn lè gbà kọjá ti tóbi jù. Inú ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó kéré jù lọ ṣáájú, kí pákó tó yí i ká lè ṣì máa dì í mú. Etí ìta ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe é ní òdìkejì yóò bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń fi ìka di ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ayùn. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀dà púpọ̀, wọ́n á to pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ, wọ́n á fi téèpù dì wọ́n, wọ́n á gé gbogbo wọn pọ̀.

Tábìlì ẹ̀rọ lè dagun. Nítorí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó tẹ́ gan-an. Wọ́n á fi bíléèdì gé ojú kékeré sára àjákù pákó tó nípọn, wọ́n á yí pákó náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí iwájú, wọ́n á sì wò ó bóyá ẹ̀yìn bíléèdì lè wọ inú ojú kan náà láìfi ara gbá. Bí kò bá wọlé, tábìlì kò tẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dagun rẹ̀. Bí wọ́n bá to igi aláwọ̀ méjì lé ara wọn, tí wọ́n dagun tábìlì ní dígírì 2 tàbí 3 tí wọ́n sì gé àwòrán kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yọ jáde yóò wọ ihò èkejì, yóò sì há pẹ́kí bí ìdérí ìgò, láìku àlàfo tí ipa ayùn ìbá fi sílẹ̀. Ti abọ́ tún gbà mí lọ́kàn jù. Láti ara pákó kan ṣoṣo tó nípọn ní mìlímítà 19, wọ́n á gé òrùka inú òrùka, tí òrùka kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mìlímítà 6, tábìlì á sì dagun ní nǹkan bíi dígírì 18. Ní ìwọ̀n yẹn, ìsàlẹ̀ òrùka ńlá á bá òkè òrùka tó kéré sí i mu gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá wá tò wọ́n lé ara wọn láti kékeré dé ńlá, pákó pẹlẹbẹ á ti di abọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí pákó sí. Bí wọ́n bá yí i sí òdìkejì, dídagun náà á yí padà, òrùka á sì bàjẹ́. Ihò tí wọ́n ti ki bíléèdì bọlé náà gbọ́dọ̀ dagun ní dígírì kan náà, lórí ìlà gan-an. Àpá kékeré tó bá kù níbẹ̀, sáńpépà á jẹ ẹ́ tán lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá ti gbẹ.