Ìkòkò Tí À Ń Ṣí Lóru

Nǹkan bí aago 1 òru ni. Gbogbo ilé ti sùn, nẹ́pà ti mú iná lọ. Ẹnì kan dúró nídìí ìkòkò ní kíṣìnnì, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wá ẹran nínú ọbẹ̀. Kò jókòó, kò bu omi, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ kí ọmọ má baà jí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì búra pé òun kò ní fẹnu kan nǹkan kan títí di alẹ́.

Ẹni tó ròyìn èyí fún mi ní ọ́fíìsì mi ní Yábàá kì í ṣe ọmọdé. Ó ń ta aṣọ ní Balógun, Ìyànà Ìpájà ló ń gbé, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀. "Dókítà, ẹ̀mí wọ̀bìà ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ti gbàdúrà lé mi lórí lẹ́ẹ̀mejì." Dókítà kọ́ ni mí o, onímọ̀ nípa oúnjẹ ni mí, ṣùgbọ́n àlàyé yẹn ti sú mi.

Mi ò bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Mo kàn bi í pé, "Màmá, láti àárọ̀ àná, kí lẹ jẹ?"

Ó ronú díẹ̀. Aago 5 ló ti jáde nílé, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ó gbààwẹ̀ di aago 3 ọ̀sán, ó fi gààlà kan àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù ṣínu níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó ń bọ̀, danfo dúró pa lórí Third Mainland, ó di aago 9 kó tó délé. Ó wá jẹ ẹ̀bà tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ, nítorí ó fẹ́ fọn díẹ̀. Oúnjẹ òòjọ́ ẹni tó ti wà lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí 16 nìyẹn. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ebi ló wọnú màmá yìí, òun sì ń pè é ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún irú wọn. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1944 sí 1945, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Minnesota, tí Ancel Keys jẹ́ ọ̀gá wọn, fẹ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe fún ara, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ àwọn tí ogun ti fi ebi pa. Ọkùnrin 36 ló yọ̀ǹda ara wọn. Kírísítẹ́nì tí ìgbàgbọ́ wọn kò gbà wọ́n láyè láti gbé ìbọn ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn Quaker, àwọn Mennonite àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè kọ ogun nítorí ìgbàgbọ́, a kò lè ní kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì fún ọ̀sẹ̀ 24. Ká tó wí ká tó fọ̀, oúnjẹ ti gba gbogbo ọkàn wọn. Wọ́n ń lá àwo. Ọkùnrin tí kò dáná rí ń kó ìwé ìdáná jọ, ó ń kà á bí ẹni ń ka Sáàmù. Nígbà tí wọ́n sì ní kí wọ́n máa jẹun bó ṣe wù wọ́n, àwọn kan jẹ, wọ́n jẹ, ikùn kún bámúbámú, wọ́n ṣì ń sọ pé ebi ń pa àwọn.

Ta ni yóò sọ pé ẹ̀mí wọ̀bìà ló bá wọn? Ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ara ló ń ṣiṣẹ́. Bí ikùn bá ṣófo pẹ́, ó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á sì máa wá oúnjẹ tó dùn, tó lọ́ràá, tó lè tètè wọra. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó ń jí lóru lọ wá ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi gbọ́ òdì. Èmi náà ń gbààwẹ̀, mo sì ń bá ìjọ mi gba ti oṣù kìíní. Ààwẹ̀ tí mò ń bá jà ni èyí tó jẹ́ pé òṣùwọ̀n ìwúwo ló wà nídìí rẹ̀. Mo ti gba irú rẹ̀ rí. Nígbà ìgbéyàwó àbúrò mi, mo sọ fún gbogbo ayé pé mò ń gbàdúrà fún àwọn tọkọtaya, bẹ́ẹ̀ léèsì tí kò gbà mí nídìí ni mò ń gbààwẹ̀ sí. Léèsì náà gbà mí lọ́jọ́ Sátidé. Kó tó di Sátidé kejì, mo ti jẹ ohun tí mo sọ nù padà, mo sì jẹ èlé rẹ̀. Ẹ ka Aísáyà orí 58: ààwẹ̀ tí Ọlọ́run yàn níbẹ̀ ni pé kí á pín oúnjẹ wa fún ẹni tí ebi ń pa.

Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti kọ́kọ́ rí i bí wọ́n ṣe ń gba irú ààwẹ̀ yẹn, nílé ìyá ìyá mi, nítòsí Campos. Bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á rẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Frejon ni, láti inú feijão tí àwọn Potogí ń pe ẹ̀wà, tí àwọn baba wa tó ti Brazil bọ̀ gbé wálé. Wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ oje àgbọn, wọ́n á fi kànáfùrù sí i, wọ́n á sì máa rò ó lórí iná díẹ̀díẹ̀ kó má baà jóná. Ọbẹ̀ ẹja aláta àti gààrí ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Ìyá àgbà kò jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, ọ̀fọ̀ Olúwa ni. Síbẹ̀, èmi ló ń rán láti gbé abọ́ lọ sílé Àlùfáà ní òdìkejì ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹran iléyá wá fún wa. Mi ò gbọ́ kó sọ rí pé oúnjẹ kan burú tàbí pé òun jẹ̀bi nítorí pé òun jẹun. Ó jókòó, ó jẹ, ó dúpẹ́, ó dìde.

Mo tún máa ń rántí Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba orí 19. Ó sá fún Jésébẹ́lì, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó dé kò wàásù kankan. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun. Ó jẹ, ó mu omi, ó tún sùn. Wọ́n tún jí i, ó tún jẹ. Bó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n tọ́jú Èlíjà, mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Nítorí náà, mi ò fún màmá ní ìwé èèwọ̀. Mo ní kó ra kúlà. Kó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ, kó jẹ ẹ́ bó bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹ̀wà kì í tètè dà nínú, ó ń gbé ènìyàn dé ọ̀sán. Lọ́sàn-án, ìrẹsì àti ẹ̀fọ́, bí kò bá rí gbé láti ilé, bùkà wà nítòsí. Kó jókòó lórí àpótí kó jẹ ẹ́. Àdúrà oúnjẹ ni mo sì fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù, nítorí ọ̀pọ̀ wa, ọwọ́ ti wà nínú ẹ̀bà kí "Bàbá, a dúpẹ́" tó jáde lẹ́nu. Mo ní kó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó wo oúnjẹ náà, kó dúpẹ́ lórí ohun tó rí nínú àwo ní orúkọ wọn: ẹja, ata, ewédú, ẹni tó sè é. Àdúrà bẹ́ẹ̀ ń kó ọwọ́ níjàánu. Ó tó bí ìṣẹ́jú 20 kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ikùn ti yó, ẹni tó bá sì ti gbé òkèlè mì kánkán ti bu ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ìròyìn tó dé.

Ti òru wá ńkọ́? Mo ní bí ebi bá jí i, kó tan iná, kó bu oúnjẹ sínú àwo, kó fa àga, kó gbàdúrà, kó jẹ. Ó wò mí bí ẹni tó rí àjèjì. "Kí n jẹ ẹ́ ní gbangba?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn kan wà tí ìmọ̀ràn yìí nìkan kò tó fún. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, aboyún, àti ẹni tí ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó gbààwẹ̀, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ lójijì lára ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin. Ẹni tó bá ń jẹun tán tó ń tọwọ́ bọ ọ̀fun kó lè bì í, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Bí mo bá ti dárúkọ ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá níhìn-ín, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ṣé wèrè ni àwọn. Láti 1907 ni ibẹ̀ ti ń tọ́jú ènìyàn. Ẹ gbéra, ẹ lọ.

Màmá padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Ó ṣì ń jí lóru lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sọ fún mi. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun wà nídìí tábìlì, iná wà ní títàn, ni ọmọ òun kékeré jáde síta, ó ń nu ojú.

"Mọ́mì, kí lẹ ń jẹ?"

Ó ní òun dìde, òun lọ mú àwo kan sí i.