"Sì" Kan Ṣoṣo: Bí Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Lórí Ìjínigbé Gbowó Ṣe Ń Lọ ní Íńdíà

Lọ́dún 2011, ọmọkùnrin kan tó wà ní kíláàsì kẹfà ní Hyderabad bá ilé ìwé rẹ̀ lọ síbi ìgbafẹ́. Nígbà tó ń darí bọ̀, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá pé kó gbé òun délé, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ gbé e gbà. Kò pẹ́ tí ìpè fi wọlé sórí fóònù bàbá ọmọ: rupee 200,000, bí ó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀. Wọ́n rí ọmọ náà gbà padà láàyè, ọwọ́ tẹ ọlọ́kẹ̀kẹ́, ilé ẹjọ́ sì jù ú sẹ́wọ̀n gbére. Nígbà tí ẹjọ́ náà fi máa kúrò nílé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Íńdíà ní 2021, ẹ̀wọ̀n gbére ti di ẹ̀wọ̀n ọdún 7. Àwọn adájọ́ gbà pé ó jí ọmọ gbé, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú òfin ló yí ìdájọ́ padà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé Òfin Ìwà Ọ̀daràn Íńdíà kalẹ̀ ní 1860. (Òfin yìí náà ni wọ́n wò kọ ti Sudan, ti Sudan ni wọ́n sì wò kọ Penal Code tí wọ́n ń lò ní Àríwá Nàìjíríà títí dé Ìlọrin, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa.) Ìjínigbé wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1993 ni ilé aṣòfin fi abala 364A kún un, fún àwọn tó ń jí ènìyàn gbé láti fi gba owó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024, òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Bharatiya Nyaya Sanhita ti rọ́pò ti 1860, abala 364A sì ti di abala 140(2), ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, pẹ̀lú owó ìtanràn. Kò sí ọdún 10, kò sí ọdún 15 láàárín. Àwọn kan lọ bá ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ pé kí wọ́n wọ́gi lé e, pé ó ti le jù. Ní 2015, ilé ẹjọ́ dáhùn pé òfin náà dúró.

Nítorí pé ìjìyà náà le tó bẹ́ẹ̀, àwọn adájọ́ kì í fojú kéré lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá jí ọmọ gbé tó béèrè owó, ojú tiwa ni pé ó ti tán. Òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wí ni pé ẹni tó bá jí ènìyàn gbé, tàbí tó há a mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jí i, tó *sì* halẹ̀ pé òun yóò pa á tàbí pé òun yóò ṣe é léṣe, kí wọ́n lè san owó, ni ìjìyà yìí wà fún. "Sì" yìí ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n jí ènìyàn, kó fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n béèrè nǹkan, kó sì tún fi ẹ̀rí ọ̀tọ̀ hàn lórí ìhalẹ̀ náà. Owó tí wọ́n béèrè kò lè dípò ìhalẹ̀.

Ìhalẹ̀ kò fi dandan jẹ́ ti ẹnu. Bí ìwà ajínigbé bá tó ohun tí ẹni tó ní làákàyè máa torí rẹ̀ bẹ̀rù pé wọ́n lè pa ẹni tí wọ́n jí, ó tó. Ẹni tó di ọmọ lókùn tó wá ń fi ọ̀bẹ hàn án kò nílò láti la ẹnu sọ ohunkóhun. Bó bá sì ṣe é léṣe tàbí tó pa á ní tòótọ́, ìyẹn tó. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Hyderabad, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ níwájú adájọ́ pé wọ́n ṣe dáadáa sí òun, àwọn adájọ́ kò sì rí ẹ̀rí ìhalẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbòmíràn. Abala 364A já bọ́. Ohun tó kù ni abala 363, jíjí ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀, èyí tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè ju ọdún 7 lọ, gbogbo ọdún 7 náà sì ni wọ́n fún un. Bàbá tí ìpè yẹn wọlé sórí fóònù rẹ̀ lè máa bi ara rẹ̀ pé ẹ̀rù wo ni kò ba òun. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbéèrè yẹn. Síbẹ̀, òfin tó lè gba ẹ̀mí ènìyàn kò yẹ kó gbára lé ohun tí gbogbo wa rò pé ó ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ agbẹjọ́rò nínú kòtẹ́milọ́rùn irú ẹjọ́ yìí fi jẹ́ iṣẹ́ ìwé kíkà. Àwọn adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga, níbi tí ẹjọ́ ń lọ láti ilé ẹjọ́ Sessions (ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ tó kọ́kọ́ ń gbọ́ irú ẹjọ́ ńlá báyìí), kì í tún pe ẹlẹ́rìí, àyàfi bó bá di dandan. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń kà: kí ni bàbá sọ, kí ni ọmọ sọ, kí ni ó sọ nígbà tí agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ń da ìbéèrè bò ó. Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ fún ọlọ́pàá kì í ṣe ẹ̀rí. Wọ́n kàn lè fi ká ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bó bá sọ ohun mìíràn nílé ẹjọ́ ni. Wo bó ṣe lè dà: ìyá kan sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé ajínigbé ní òun máa pa ọmọ òun, ṣùgbọ́n nílé ẹjọ́, agbẹjọ́rò ìjọba kò bi í, òun náà kò sì rántí sọ ọ́. Ìhalẹ̀ náà kò sí nínú ẹ̀rí nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ló ti kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní.

Èdè tún wà ńbẹ̀. Telugu, Marathi tàbí Tamil ni ẹlẹ́rìí fi ń jẹ́rìí, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ àti ní ọ̀pọ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbìyànjú láti sọ "ẹ̀rù bà mí, àyà mi já" ní èdè mìíràn mọ ohun tó lè sọnù lọ́nà.

Fóònù ló sábà máa ń jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù, òun náà ló sì tètè máa ń bàjẹ́. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí wọn kò bá gbé ẹ̀rọ náà gan-an wá, àkọsílẹ̀ tó ti inú ẹ̀rọ jáde gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí láti ọwọ́ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà. Nínú ẹjọ́ kan láti ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, tí ìdájọ́ rẹ̀ wáyé ní oṣù Kejì 2024, wọ́n da àkọsílẹ̀ ìpè nù nítorí pé kò sí ìwé yìí. Ìyẹn náà parí sí abala 363.

Láti gbé ẹjọ́ lọ sókè, ẹni tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n gbére ní ọjọ́ 60. Ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún ní ọjọ́ 30. Bí ọjọ́ bá kọjá, ilé ẹjọ́ lè gba àwáwí tó bá mọ́gbọ́n dání. Ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní agbẹjọ́rò lè kọ ìwé rẹ̀ kó fi lé ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Àjọ ìrànlọ́wọ́ òfin ìjọba lè yan agbẹjọ́rò fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ ìdájọ́ ikú, ìbáà pẹjọ́ ìbáà má pẹjọ́, wọn kò lè pa á láìjẹ́ pé Ilé Ẹjọ́ Gíga fọwọ́ sí i, adájọ́ méjì ó kéré tán ló sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga lè dá ẹni náà sílẹ̀, ó lè yí ẹ̀ṣẹ̀ padà sí èyí tó fúyẹ́, ó lè ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Kò lè torí pé ẹlẹ́wọ̀n wá fẹjọ́ sùn kó fi kún ìyà rẹ̀. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ pẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ bó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kó tó dé ibẹ̀, ìdúró ń bẹ. Kòtẹ́milọ́rùn lè pẹ́ nílé ẹjọ́ ju ẹ̀wọ̀n ọdún 7 lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù: ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju abala 363 lọ lè lo ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé rẹ̀. Ó lè béèrè béèlì nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún agbẹjọ́rò ìjọba láyè láti kọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n gbà á. Láti 1977 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti sọ pé bí òun kò bá lè tètè gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, kò tọ́ kí òun há a mọ́lé títí, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó tún ti sọ ọ́ nítorí àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbére tí ẹjọ́ wọn wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Allahabad.

Lẹ́yìn Ilé Ẹjọ́ Gíga, ìyọ̀ǹda ni ènìyàn sábà máa ń tọrọ kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ti dá a sílẹ̀, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga wá yí i padà tó sì rán an lẹ́wọ̀n gbére tàbí dá ẹjọ́ ikú fún un, kò ní láti tọrọ ìyọ̀ǹda, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ilẹ̀kùn kan náà ṣí fún ẹbí ẹni tí wọ́n jí gbé. Láti ìparí 2009, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè pẹjọ́ fúnra rẹ̀ bí ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ bá dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀, tàbí bó bá mú un fún ẹ̀ṣẹ̀ tó fúyẹ́. Bàbá tí wọ́n sọ fún pé abala 363 lásán ni lè gbé ìwé tirẹ̀ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, kó ní kí wọ́n tún ibi tí òun ti sọ̀rọ̀ ìhalẹ̀ náà kà.