Bí Áàpù Ṣe Ń Bá Ẹgbẹ́ Onílé Tọ́jú Ohun Àjùmọ̀ní Àdúgbò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun tó yí Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù ká, àwọn onílé fúnra wọn ló ń dáwó ṣe nǹkan tó yẹ kí ìjọba ṣe: òpó iná, gọ́tà, géètì ẹnu ọ̀nà, kànga ẹ̀rọ, gbọ̀ngàn ìpàdé, nígbà mìíràn tiransifọ́mà pàápàá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rà á tán ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló ti san tiẹ̀, ta ni kò tíì san? Ta ló ni gbọ̀ngàn ní Sátidé tó ń bọ̀? Ìgbà wo ni wọ́n yí ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ gbẹ̀yìn? Ìwé akọ̀wé àti ojú ewé WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń dáhùn, ìdáhùn méjèèjì kì í sì í sábà bára mu. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe áàpù ẹgbẹ́ onílé ni láti kó àwọn ìdáhùn wọ̀nyí sójú kan, kí gbogbo ilé máa rí ohun kan náà lákòókò kan náà.

Ó ní ìdí tí èyí fi kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ gan-an. Ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ ni kì í gbé inú ilé tí wọ́n kọ́. Ẹni tó ń ṣòwò ní Èkó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́lé sílé, ó sì lè jẹ́ ọdún Iléyá nìkan ló ń gbé e wá. Kì í sí ní ìpàdé láńlọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wà nínú géètì àti kànga. Ní Ìlíṣàn, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjàgun, tí yunifásítì wà, akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ilé ló ń fa omi tó sì ń lo pápá, nígbà tí onílé wà níbòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ wà, àwọn tí kò sí nílé kò lè mọ ọ̀nà tí owó wọn gbà. Àwọn ni áàpù wúlò fún jù, ju ẹni tó ń jókòó sí iwájú alága lóṣooṣù lọ.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìwé orúkọ ilé. Ilé ni áàpù ń kà, kì í ṣe èèyàn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, lábẹ́ nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kọ onílé, ayálégbé àti ẹni tó ń bójú tó ilé sí, olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí agbára rẹ̀ mọ. Onílé lè dìbò, ayálégbé lè háyà gbọ̀ngàn, alábòójútó lè wo gbèsè kó sì san án. Bí wọ́n bá ta ilé, orúkọ ló ń yí padà. Gbèsè àti ìtàn ilé náà dúró síbi tí wọ́n wà. Ilé tí ọmọ mẹ́rin jọ jogún ṣì jẹ́ ilé kan, ìbò kan, gbèsè kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù mẹ́rin ló ń wo àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ibí ni ẹgbẹ́ ti gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá: ṣé ilé ni yóò máa sanwó ni, àbí fúláàtì? Onílé alájà mẹ́ta tí fúláàtì mẹ́fà wà nínú rẹ̀ àti opó tó ń dá gbé nínú ilé oníyàrá méjì kò ní gba ìdáhùn kan náà láìsí ìjiyàn. Áàpù kò lè bá wọn parí ìyẹn. Ohun tí wọ́n bá gbà ni yóò máa ṣírò.

Owó ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ní ìlànà àtijọ́, ẹni tó bá fi tirańsífà sanwó á ya fọ́tò àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí akápò, akápò á sì máa wá a kiri nínú sitétímẹ́ǹtì báǹkì. Bí ilé mẹ́ta bá san ₦20,000 lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan wọlé lórúkọ ìyàwó, tí èkejì wọlé lórúkọ ṣọ́ọ̀bù, àríyànjiyàn ti dé nìyẹn. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ áàpù ní Nàìjíríà gbà yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, díjíìtì 10 bíi ti àkáǹtì yòókù. Inú àpò ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo owó náà ń dà sí. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ ilé tí owó ti wá ni. Ọmọ ló san án ni o, ayálégbé ni o, ilé náà ni wọn yóò kà á fún.

Bí owó bá wọlé, iléeṣẹ́ tó wà láàárín báǹkì àti áàpù yóò fi ìròyìn ránṣẹ́: iye owó, nọ́ńbà tó wọ̀, àti àmì ìdánimọ̀ tirańsífà náà. Áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa kì í kàn gba ìròyìn yìí gbọ́. Yóò padà bi iléeṣẹ́ náà bóyá òótọ́ ni, kí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ kan má bàa fi ìròyìn èké ránṣẹ́. Yóò tún wò ó bóyá òun ti kọ àmì ìdánimọ̀ yẹn sílẹ̀ rí, torí ìròyìn kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń já. Bí kò bá ṣe àyẹ̀wò kejì yìí, owó ẹgbẹ́ yóò pọ̀ lórí fóònù ju bí ó ṣe wà ní báǹkì lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò fi owó náà dín gbèsè kù, èyí tó pẹ́ jù lọ ló sì máa ń kọ́kọ́ kúrò.

Owó oṣooṣù yàtọ̀ sí owó àkànṣe. Bí ilé 60 bá gbà láti fi ₦1,200,000 tún tiransifọ́mà ṣe, áàpù yóò kọ ₦20,000 sí ọrùn ilé kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi owó náà sábẹ́ àkòrí tirẹ̀ kó má bàa dà pọ̀ mọ́ owó ọlọ́dẹ. Ìdàpọ̀ yìí máa ń ba orúkọ akápò rere jẹ́. Kò sẹ́ni tó jí kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n owó gọ́tà ti di owó oṣù ọlọ́dẹ, kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ mọ́.

Owó tó ń jáde gba ìṣọ́ra ju èyí tó ń wọlé lọ. Akápò yóò kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe àti iye rẹ̀, yóò ya fọ́tò ìwé iye tí oníṣẹ́ mú wá sí i. Alága àti ẹlòmíràn kan nínú ìgbìmọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tiwọn pé àwọn gbà, kí owó tó kúrò. Orúkọ ẹni tó béèrè, ẹni tó fọwọ́ sí i, ọjọ́ àti aago, gbogbo rẹ̀ dúró sínú àkọsílẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, wọn kì í pa ìlà yẹn rẹ́. Ìlà tuntun ni wọ́n ń kọ láti fi dá a padà, kí méjèèjì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Áàpù tó bá gbà kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe alága, pa ìlà kan rẹ́ láìfi àmì sílẹ̀ kò sàn ju ìwé tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹgbẹ́ dán wò nìyí kí wọ́n tó san owó fún un.

Ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn àti pápá tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àpèjẹ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tó bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tó parí. Bí wọ́n bá ti gba gbọ̀ngàn láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago mẹ́rin, tí ẹlòmíràn wá béèrè fún aago mẹ́ta sí aago mẹ́jọ alẹ́, ìbéèrè méjì ni áàpù ń bi ara rẹ̀: ṣé tuntun yìí yóò bẹ̀rẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó parí? Ṣé yóò parí lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀? Bí ìdáhùn méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti forí gbárí. Ẹgbẹ́ tó gbọ́n máa ń fi wákàtí kan tàbí méjì kún un fún gbígbálẹ̀ àti kíkó àga, áàpù á sì ka àkókò yẹn mọ́ àpèjẹ. Bí èèyàn méjì bá tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà ńkọ́? Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ áàpù wà lórí rẹ̀, kì í dá àwọn méjèèjì lóhùn pọ̀. Yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan nígbà tó bá ń kọ orúkọ ẹnì kejì, ẹni tó kù yóò sì bá àyè náà ní kíkún. Owó ìdógò ń wọlé pẹ̀lú ìbéèrè, wọ́n á dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ àga àti fèrèsé wò.

Kàlẹ́ńdà tí wọ́n ṣe ní òkè òkun kò mọ Ìjẹ̀bú. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí, oṣù tó bá lé sì ni Iléyá ń tẹ̀lé. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà. Ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ló fi ń ṣáájú ti ọdún tó kọjá, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá péré ṣáájú Iléyá ni wọ́n sì ń rí oṣù tó fìdí ọjọ́ náà múlẹ̀. Ní àkókò yìí gan-an ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà, àti àwọn ẹbí tó wálé ń wá gbọ̀ngàn. Nítorí náà ó yẹ kí ẹni tó ń darí áàpù lè di ọjọ́ mélòó kan mú lọ́wọ́, kó sì tú èyí tí kò bá wúlò sílẹ̀ nígbà tí oṣù bá ti lé. Bákan náà ni àsìkò Agẹmọ, tí obìnrin kì í jáde sí ọ̀nà tí Agẹmọ bá ń gbà, àti alẹ́ Orò ní àwọn ìlú Rẹ́mọ. Gbígba owó lọ́wọ́ ìyàwó ilé fún àpèjẹ alẹ́ ọjọ́ tí kò ní lè jáde, ìwà àìdáa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ ló gbà á.

Ti géètì kò le. Ẹni tó ń retí àlejò yóò béèrè kóòdù, kóòdù yẹn á ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín wákàtí tí wọ́n dá fún un. Àlejò á kà á fún ọlọ́dẹ, ọlọ́dẹ á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Kí fóònù ọlọ́dẹ ti tọ́jú kóòdù ọjọ́ náà sínú ara rẹ̀ ṣe pàtàkì, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, àlejò kò gbọdọ̀ sùn síta. Ti ẹ̀rọ náà rọrùn: ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń lo epo dísẹ̀lì ń fẹ́ kí wọ́n yí ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi 250 wákàtí iṣẹ́. Ẹni tó ń tàn án á máa kọ wákàtí sílẹ̀, áàpù á sì ránni létí kó tó pé.

Apá kan wà tó yẹ kí ẹgbẹ́ pa tì. Ọ̀pọ̀ irú áàpù yìí jẹ́ ti ẹgbẹ́ onílé ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti fún ẹgbẹ́ lágbára láti fi gbèsè di ilé mú. Ìdí nìyẹn tí owó ìtanràn fi máa ń gorí gbèsè fúnra rẹ̀ láago méjìlá òru. Ẹgbẹ́ láńlọ́ọ̀dù wa kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè sì lè jẹ́ ẹni tó wà ní ọsibítù. Kí áàpù fi gbèsè hàn, kó rán onílé létí; kí àgbà méjì lọ kan ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀rọ má ṣe ti omi mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àkọsílẹ̀ géètì mọ ẹni tó wá sílé ta àti aago tó wá. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kan ẹnikẹ́ni tó bá ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, ẹgbẹ́ àdúgbò náà sì ń kó o. Ó yẹ kí wọ́n dá ọjọ́ tí orúkọ àlejò yóò parẹ́, kí ọlọ́dẹ rí kóòdù òní nìkan, kí ayálégbé má rí gbèsè aládùúgbò rẹ̀ bí ìpàdé kò bá fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun bá dé ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ í-méèlì alága àná ni wọ́n fi ṣí áàpù, tí kóòdù ìwọlé sì ń lọ sórí fóònù rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ẹgbẹ́ ṣì wà, ìbáà jẹ́ èèyàn dáadáa. Í-méèlì ẹgbẹ́ ni kí wọ́n fi ṣí i, pẹ̀lú síìmù tí wọ́n rà fún ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Lọ́jọ́ ìfàṣẹlélẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà lójú gbogbo ìgbìmọ̀, kí wọ́n yọ orúkọ àwọn tó ń lọ kúrò nínú àwọn tó lè fọwọ́ sí owó, kí wọ́n sì gba gbogbo àkọsílẹ̀ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà kan kí wọ́n tó tú ká.