Bí Wọ́n Bá Ní Àwọn Ti Dí Kànga Epo, Ẹ Béèrè Sìmẹ́ńtì Ẹ̀yìn Páìpù

Oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni kànga Ororo-1 gbiná lójú òkun, ní ọ̀kánkán Awóyè ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iná ọ̀hún fi ń jó. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fiyè sí ni pé kànga náà kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ láti 1986. Wọ́n bá ipá tó pọ̀ jù pàdé nísàlẹ̀, wọ́n dá a dúró, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ìgbà tí àwọn mìíràn padà wá jí i ni ohun tó ti ń dúró nísàlẹ̀ láti ọdún 34 rọ́nà jáde.

Iṣẹ́ kànga ni iṣẹ́ mi: gbígbẹ́ rẹ̀, títọ́jú rẹ̀, dídí rẹ̀ pa. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ lóde, gbígbẹ́ nìkan ni wọ́n máa ń bi mí. Báwo ni irin ṣe ń wọlẹ̀ tó máìlì méjì? Kò sẹ́ni tó ń béèrè dídí. Bẹ́ẹ̀ dídí gan-an ni ibi tí wọ́n ti lè tan ará ìlú jẹ, torí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá gé páìpù tí omi sì bo ojú rẹ̀, ojú lásán kò lè mọ ohun tí wọ́n ṣe síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ inú ihò náà. Bíìtì ni irin tó ń jẹ ilẹ̀, òun ló wà ní ìdí páìpù tí rìgì, ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń gbẹ́ kànga, ń yí. Howard Hughes àgbà, bàbá olówó tó ń ṣe fíìmù tó sì ń wa bàálù yẹn, gba ìwé àṣẹ lórí bíìtì olórí méjì ní 1909. Nígbà tó di 1933 ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti fi orí kẹta kún un. Àwọn orí náà ń yí, eyín ara wọn sì ń fọ́ àpáta. Bíìtì tó wọ́pọ̀ jù nísinsìnyí kò ní orí tó ń yí rárá. Dáyámọ́ńdì àtọwọ́dá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú, fífá ló ń fá ilẹ̀, ó sì yára gan-an nínú iyanrìn àti amọ̀ irú èyí tó wà ní Niger Delta. Páìpù tó gbé e dání, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Bí bíìtì bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ la ó máa so òmíràn mọ́ ọn lókè. Bíìtì dára láti wò, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń gba oorun lójú mi.

Ẹrẹ̀ ni. Omi tàbí epo ni ẹrẹ̀ tí à ń wí yìí, tí a po amọ̀ bentonite mọ́ kó lè ki, tí a sì da òkúta barite lílọ̀ sí kó lè wúwo. A ó máa ti ẹrẹ̀ yìí gba inú páìpù lọ, á jáde lẹ́nu bíìtì, á sì gba ẹ̀yìn páìpù padà sókè pẹ̀lú àfọ́kù àpáta. Ó ń tu bíìtì lára, ó sì ń gbálẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo wa so mọ́. Bí gálọ́ọ̀nù ẹrẹ̀ kan bá wọn pọ́n-ùn 10, tí ihò sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 10,000, 5,200 psi, ìyẹn pọ́n-ùn 5,200 lórí inṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ni yóò fi máa tẹ ìsàlẹ̀. Táyà ọkọ̀ tí fọkanáísà sọ pé ó ti kún, nǹkan bíi 32 psi ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá fúyẹ́ ju ipá inú àpáta lọ, gáàsì á wọlé sí wa lára. Bó bá sì wúwo jù, àpáta á là, ẹrẹ̀ á ṣàn wọnú rẹ̀, ihò á ṣófo, gáàsì kan náà á tún wọlé. Bí ihò bá ṣe ń jìn sí i ni àyè tó wà láàárín méjèèjì ń há sí i.

Nítorí náà ni a kì í gbẹ́ kànga kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá dé ibì kan, a ó dúró, a ó sọ páìpù irin ńlá tí à ń pè ní casing sínú ihò. Ó lè fẹ̀ tó inṣì 20 lókè, kí èyí tó kàn jẹ́ 13⅜, kí òmíràn jẹ́ 9⅝, kí ti ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ 7. Èyí tó kéré ń gba inú èyí tó tóbi kọjá. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ńtì. A ó pò ó ní olómi, a ó tì í gba inú casing lọ títí dé ìdí, yóò ṣẹ́rí padà níbẹ̀, á sì máa gun àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn páìpù àti ara àpáta. Nínú ihò oní-inṣì 12¼ tí a sọ casing 9⅝ sí, àlàfo náà lé díẹ̀ ní inṣì kan. Sìmẹ́ńtì tó bá gan sínú àlàfo tóóró yẹn ni kò ní jẹ́ kí gáàsì dé inú omi mímu, orí ilẹ̀ tàbí òkun, fún gbogbo ìgbà tí kànga náà bá wà àti lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti kúrò láyé.

Ó sì rọrùn láti bà á jẹ́. Bí páìpù bá fara ti ẹ̀gbẹ́ kan ihò, sìmẹ́ńtì á gba ibi tó fẹ̀ lọ, á fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ níbi tó há. Nítorí rẹ̀ la ṣe ń de àwọn irin tó ń ti páìpù sí àárín mọ́ ara casing, àwọn irin kan náà tí ọ̀gá tó bá ń ṣọ́ owó máa ń fẹ́ dín kù. Bí wọn kò bá fọ ẹrẹ̀ kúrò lára àpáta dáadáa, sìmẹ́ńtì kò ní dì í mú. Bí gáàsì bá ráyè wọlé kí sìmẹ́ńtì tó gan, á la ojú ọ̀nà tí kò ní dí mọ́. Kódà bí gbogbo rẹ̀ bá lọ bó ṣe yẹ, epo gbígbóná tó ń gba inú kànga fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì, á máa mú irin wú, á sì máa mú un sún kì, títí àyè tí ojú kò lè rí á fi là láàárín irin àti sìmẹ́ńtì. Gáàsì kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

A ní irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, cement bond log ni wọ́n ń pè é. Wáyà la fi ń sọ ọ́ sínú kànga. Á máa pa ariwo, á sì máa tẹ́tí sí ohun tó padà wá: irin tí sìmẹ́ńtì kò dì mú á dún ketekete, ohùn èyí tó dì mú á kú. Èèyàn ló sì ń ka àbájáde rẹ̀, mo sì ti rí ibi tí ẹnjiníà méjì ti wo ìlà kan náà, tí ọ̀kan ní ó dára, tí èkejì ní kò dára. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kì í fi gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá kàn kọ ọ́ pé "sìmẹ́ńtì wà dáadáa" láìfi ìlà náà hàn mí.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa BOP (blowout preventer), ohun tó ń dí kànga tó bá fẹ́ bẹ́. James Abercrombie àti Harry Cameron ló kọ́kọ́ ṣe oríṣi rẹ̀ tó ń ti irin láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pàdé ara wọn, ní Texas, lọ́dún 1922. Àkójọ ìlẹ̀kùn irin ni lórí kànga: òmíràn ń há mọ́ ara páìpù, òmíràn ní abẹ tó lè gé páìpù já kó sì pa ẹnu ihò dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, kànga Macondo bẹ́ lábẹ́ rìgì Deepwater Horizon ní etíkun Amẹ́ríkà, èèyàn 11 kú, epo sì ń tú jáde fún ọjọ́ 87. Páìpù ti tẹ̀ kúrò láàárín, abẹ BOP kò rí i gé bó ṣe yẹ. BOP ni gbogbo ayé ń bú. Èmi a máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ẹnjiníà pé kí wọ́n wo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti gbẹ́ kànga ọ̀hún tán. Wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ni, kí wọ́n lè dá a dúró fúngbà díẹ̀ kí rìgì sì máa lọ. Sìmẹ́ńtì ìdí kànga kò dí gáàsì, àyẹ̀wò ipá sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n wá àlàyé mìíràn fún un. Wọ́n sì ti ń fi omi òkun rọ́pò ẹrẹ̀ wíwúwo kí wọ́n tó di sìmẹ́ńtì òkè. Àkókò pípalẹ̀mọ́, tí gbogbo ènìyàn ń wo aago, léwu ju gbígbẹ́ lọ, lójú tèmi.

Báwo wá ni a ṣe ń dí kànga kí ó dí? A ó kọ́kọ́ fi omi wíwúwo pa á, kí epo má lè gbéra. A ó fa páìpù tí epo ń gbà jáde, a ó sì fi wáyà gbọ́ bí sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn casing ṣe rí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí ẹ bá da sìmẹ́ńtì sínú páìpù nìkan, tí ẹ̀yìn páìpù sì ní àyè, ẹ dí ilẹ̀kùn ẹ sì fi fèrèsé sílẹ̀. Ohun tí a ń wá ni sìmẹ́ńtì tó gba fífẹ̀ ihò já láti ara àpáta dé ara àpáta, ní ọ̀kánkán àpáta líle tí gáàsì kò lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Bí ẹ̀yìn casing kò bá dára, irinṣẹ́ méjì ló wà. Èkíní jẹ́ ọ̀bẹ tó ń yọ apá láti inú casing, tó sì ń lọ irin náà dànù fún ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ bàtà títí àpáta á fi hàn. Ó dájú, ṣùgbọ́n ìyà ni: irin wíwẹ́ tó ń padà wá sókè máa ń há sínú BOP, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Èkejì ni kí a fi ìbọn inú kànga lu casing ní ihò wẹ́wẹ́, kí a fi omi fọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, kí a sì ti sìmẹ́ńtì gba àwọn ihò náà. Ó yá, owó rẹ̀ kéré, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, bí wọn kò bá sáré nídìí fífọ̀. Ìlànà Nọ́wè ń béèrè sìmẹ́ńtì tó gùn ní mítà 100 bí kò bá sí irin tó gbé e ró; ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ń wí ti ẹsẹ̀ bàtà 100 tó dára. Bó bá gan, a ó fi páìpù gún un lórí, a ó gbé ìwúwo lé e, a ó sì fi ipá dán an wò. Lẹ́yìn náà la ó di èyí tó wà lókè, a ó sì gé àwọn casing nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀ òkun. Amẹ́ríkà ní ó gbọ́dọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 15 sísàlẹ̀, kí àwọ̀n apẹja má bàa kọ́ ọ.

Nígbà tí ọkọ̀ Pioneering Spirit gbé orí Brent Delta, pèpéle epo kan tó wọn tọ́ọ̀nù 24,000, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní òkun Àríwá lọ́dún 2017, gbogbo ìwé ìròyìn ló gbé fọ́tò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ti fi ń dí kànga abẹ́ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà, kò sì sí fọ́tò kankan. Bẹ́ẹ̀, nínú owó tí Gẹ̀ẹ́sì ń ná lórí irú iṣẹ́ pípalẹ̀mọ́ yìí, ti kànga sún mọ́ ìdajì. (Àwọn ará Pennsylvania ìgbàanì kò náwó ní tiwọn: gbòǹgbò igi àti òkúta ni wọ́n ń sọ sínú kànga, ìjọba sì ń wá àwọn ihò náà kiri títí dòní.)

Ní Nàìjíríà, òfin epo ọdún 2021 ti ní kí ilé-iṣẹ́ ní ètò pípalẹ̀mọ́, kó sì máa kó owó rẹ̀ pamọ́ sí báńkì tí kì í ṣe ti ìbátan rẹ̀. Òfin náà dára. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ń ta kànga orí ilẹ̀ àti ti omi tí kò jìn, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí baálẹ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ ìlú bi ẹni tó rà á ni iye tó wà nínú àpò yẹn fún kànga ìlú wọn, kì í ṣe fún gbogbo oko epo náà lápapọ̀.

Ẹ̀yin tí kànga àtijọ́ wà nítòsí yín: bí omi bá ń hó ní ojú kan náà láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ẹ̀ ń gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ẹ má ṣáná, ẹ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, ẹ fi fóònù gba ibi tí ó wà sílẹ̀ bí ẹ bá ti jìnnà, kí ẹ sì fi tó NOSDRA (àjọ ìjọba tó ń bójú tó epo tó dànù) àti NUPRC (àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wíwa epo) létí. Ẹ má so ọkọ̀ mọ́ irin kànga, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ajárin já nǹkan kan lára rẹ̀. Géèjì kékeré tí wọ́n máa ń tà yẹn ni a fi ń mọ̀ bóyá gáàsì ti gba ẹ̀yìn páìpù gòkè.

Bí wọ́n bá sì sọ pé àwọn ti dí i tán, ẹ béèrè ìwé mẹ́ta: ìlà cement bond log, àwòrán ibi tí sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan wà àti bó ṣe gùn tó, àti àkọsílẹ̀ ìwúwo àti ipá tí wọ́n fi dán an wò. Òfin 2021 kan náà ní kí ilé-iṣẹ́ máa san ìdá 3 nínú 100 owó tó fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó ṣáájú sínú àpò àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Ẹ fi díẹ̀ níbẹ̀ gba ẹnjiníà tiyín tí yóò bá yín kà á.